Bí Páìpù Omi Ńlá Bá Bẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Nígbàkigbà tí omi ẹ̀rọ bá dá lójijì nílùú yìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará àdúgbò máa ń gbé wá bá àwa tá à ń ṣiṣẹ́ páìpù. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Bí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ wá ibi tá a ti sọ̀rọ̀ omi tó padà dé, ẹ ka ìyẹn. Omi tó lọ ń ni yín lára, ṣùgbọ́n omi tó padà dé ló lè dá yín dùbúlẹ̀.

Kí lẹ̀ ń pè ní páìpù ńlá? Ṣé kì í ṣe èyí tó wọ ilé wa náà ni?

Rárá o. Èyí tó wọ ilé yín, ẹ lè fi ọwọ́ kan dì í mú. Páìpù ńlá ni èyí tó ń gbé omi kúrò ní ilé-iṣẹ́ omi, bí irú ti Yemoji tiwa níbí, tó ń pín in kiri ìlú. Abẹ́ títì ló máa ń wà. Ara rẹ̀ ni páìpù àdúgbò ti yà, ara ti àdúgbò ni tilé yín ti yà. Bí tilé yín bá jò, ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ̀. Bí páìpù ńlá bá bẹ́ ní ọ̀nà Ìbàdàn, ẹni tó wà ní Mọ̀lípà lè máa wá omi kiri láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí ló máa ń fà á?

Ọjọ́ orí ni àkọ́kọ́. Irin ni ọ̀pọ̀ páìpù àtijọ́. Ilẹ̀ tútù ń jẹ ẹ́ láti ìta, omi náà ń jẹ ẹ́ láti inú. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ìyẹn kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ ó máa ń rọ̀, ìwúwo díẹ̀ á sì là á. Ti rọ́bà tí wọ́n ń lò lóde òní kì í dípẹtà rárá, àmọ́ bí ẹni tó rì í bá da òkúta lé e lórí dípò yanrìn, òkúta yẹn á máa gún un títí yóò fi lu.

Ẹrù ọkọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ẹ wo àwọn tírélà tó ń já sí Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó ń lọ sí Benin. Bí ojú ọ̀nà bá dí, wọ́n á yà gba inú ìlú. Páìpù tí wọ́n rì láyé bọlẹ́kájà á wá máa gbé tírélà sìmẹ́ǹtì.

Katapílà náà ń ṣe tiẹ̀. Ẹni tó ń la gọ́tà tàbí tó ń rì wáyà kì í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló wà nísàlẹ̀. Mi ò sì dá awakọ̀ rẹ̀ lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Ta ló fún un ní àwòrán ibi tí páìpù gbà?

Èyí tí àwọn èèyàn kì í fura sí ni iná mànàmáná. Bí iná bá lọ lójijì, ẹ̀rọ tó ń ti omi á dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n omi tó ti ń sáré nínú páìpù kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Á sáré padà, á kọlu ara rẹ̀. Bí iná bá tún dé, tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà ní gbogbo agbára sínú páìpù tí afẹ́fẹ́ ti kún, ibi tó bá ti gbó jù lọ ló máa bẹ́. Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ nílé yín rí: ẹ ti ẹ̀rọ pa wàrà, ògiri dún gbì. Gbì yẹn náà ni, àfi pé omi gbogbo ìlú ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé a lè mọ̀ kó tó bẹ́?

Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bí koríko ojú kan lẹ́bàá títì bá tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ìyókù ti gbẹ, omi ń jò nísàlẹ̀ ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rin láìsí òjò ńkọ́? Bí ọ̀dà títì bá ń rì díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Bí omi yín bá ń yọ tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ti àdúgbò kejì ń yọ dáadáa ńkọ́? Ẹ lọ fi tó ọ́fíìsì omi létí.

Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń lo ọ̀pá irin. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọkọ̀ sì ti dákẹ́, wọ́n á fi ìdí ọ̀pá kan orí fáàfù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń yí láti ṣí omi inú páìpù tàbí láti tì í, wọ́n á gbé etí lé òkè ọ̀pá náà. Omi tó ń jò máa ń hó ṣíí lábẹ́lẹ̀, bí ẹ bá sì ṣe ń sún mọ́ ibi tó ti jò ni ohùn náà á máa mú sí i. Ẹ̀rọ olówó ńlá wà lónìí tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, síbẹ̀ mi ò tíì ju ọ̀pá tèmi nù.

Omi ń tú jáde lójú títì wa báyìí. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ pe ọ́fíìsì omi tó sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ rán ẹnì kan lórí ọ̀kadà lọ bá wọn. Ẹ dárúkọ òpópónà, ẹ dárúkọ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ibẹ̀. "Ìsàlẹ̀ ọ̀hún" kò lè gbé òṣìṣẹ́ débì kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Omi yẹn ń kó iyẹ̀pẹ̀ lọ lábẹ́ ọ̀dà. Òkè á ṣì dà bíi títì, ìsàlẹ̀ ti di ihò, ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá lè já wọ inú rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ fi igi, táyà, bẹ́ǹṣì, ohunkóhun tó bá wà nítòsí, dí ọ̀nà náà níhà méjèèjì. Bí omi bá ti ń wọlé, ẹ pa iná láti ìdí mítà kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Bí ìdí mítà fúnra rẹ̀ bá ti wà nínú omi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jáde, ẹ pe àwọn oníná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn omi ojú títì yẹn fún mímu. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn, pàápàá tó bá ń yọ mímọ́ gaara. Ó ti bá gọ́tà pàdé kó tó dé inú korobá yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi da ilé ìgbẹ́, kí àgbàlagbà bù ú láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, kó jìnnà sí ẹnu ihò.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ti omi náà pa kíákíá?

Èyí ló máa ń bí àwọn èèyàn nínú jù, wọ́n sì jàre. Fáàfù wà káàkiri ara páìpù ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n lè ti apá tó bẹ́ nìkan, kí ìyókù ìlú máa rí omi. Ṣùgbọ́n fáàfù tí wọn ò yí fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń dípẹtà mọ́ ojú kan. Òmíràn, àwọn tó ṣe títì ti da ọ̀dà bò ó. Òmíràn sì rèé, ẹni kan ṣoṣo tó mọ ibi tó wà ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ sí abúlé. Nígbà náà wọ́n á lọ ti èyí tó jìnnà réré, ìdajì ìlú á sì gbẹ nítorí òpópónà kan. Kò sí ìlú tí páìpù rẹ̀ kì í bẹ́. Ìlú tó mọ ibi tí gbogbo fáàfù rẹ̀ wà, tó sì ń yí wọn lọ́dọọdún kí wọ́n má bàa lẹ̀, ni kì í jìyà púpọ̀.

Bí fáàfù bá tiẹ̀ ń yí, wọn kò gbọ́dọ̀ tì í wàràwàrà, kí gbì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan má lọ bẹ́ ibòmíràn. Tí omi bá wá dúró, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fa omi inú kòtò, wọ́n á fi pákó gbé ògiri kòtò ró kó má wó lu òṣìṣẹ́. Wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n á fi kilorín, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, fọ inú rẹ̀. Wọ́n á wá rọra dá omi padà kí afẹ́fẹ́ ráyè jáde, wọ́n á sì ṣí ojú ìtújáde kí ìdọ̀tí bá a lọ. Ìfọ̀ ìkẹyìn yìí làwọn aráàlú máa ń fẹ́ kí wọ́n fò, torí ojú ti ń pọ́n wọn. Ẹ má bá àwọn òṣìṣẹ́ jà lórí ìyẹn o, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ tán.

Ṣé irú èyí ń ṣẹlẹ̀ nílùú òyìnbó?

Ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2024, páìpù ńlá kan bẹ́ ní ìlú Calgary, ní Kánádà. Ọdún 1975 ni wọ́n rì í. Ó gùn ní kìlómítà 11, ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2, òun ló sì máa ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí ìlú náà ń lò. Bí wọ́n ṣe ń yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n rí ibi 5 mìíràn tó ti ń wá ọjọ́ tó máa bẹ́. Ìjọba ìlú bẹ gbogbo èèyàn: ẹ má fi omi ẹ̀rọ rin ọgbà, ẹ wẹ̀ kíákíá, ẹ dín aṣọ fífọ̀ kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ aráàlú tí wọ́n fà sẹ́yìn ni kò jẹ́ kí táǹkì ìlú gbẹ.

Ti Boston ní Amẹ́ríkà ló wù mí jù. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2010, ibi tí wọ́n ti so páìpù ńlá kan pọ̀ já ní Weston, ìlú tó wà nítòsí Boston. Ìbú páìpù náà tó mítà 3. Wọ́n ní omi mìíràn tí wọ́n tọ́jú sílẹ̀, wọ́n sì dá a sínú páìpù, nítorí náà ẹ̀rọ ò gbẹ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 èèyàn pé omi yìí kò tíì mọ́ tó, kí wọ́n sè é kí wọ́n tó mu ún. Ọjọ́ 4 oṣù náà ni wọ́n tó ní ó ti mọ́ tó. Omi ń yọ, wọ́n ṣì sọ òótọ́ fún aráàlú. Ohun tí mò ń fẹ́ kí wọ́n máa ṣe fún wa náà nìyẹn.

Omi mélòó ló yẹ ká ní nílé?

Lítà 15 fún ẹnì kan lóòjọ́ ni àwọn tó ń ṣètò omi fún ibi àjálù máa ń fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù, àti ti mímu, ti ìdáná, àti ti ìwẹ̀. Ilé ẹni 6, lítà 90 nìyẹn: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin kò ní kún tán. Táǹkì lítà 1,000 á gbé ilé bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 11, bí ẹ bá ń ṣọ́ ọ lò. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, ẹ fi rin ewébẹ̀. Èyí tí ẹ fi fọ aṣọ, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ilé ìgbẹ́.

Ọ̀dọ̀ ta la ti máa rí omi pọn?

Àwa Ìjẹ̀bú ní oore kan: kànga ṣì pọ̀ lágboolé wa, bọhóòlù sì pọ̀ lẹ́yìn ilé àwọn tí apá wọ́n ká a. Ẹni tí ìyà máa ń jẹ jù ni ayálégbé inú yàrá kan, tí kò ní táǹkì, tí kò ní kànga, tó jẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀bá títì nìkan ló gbójú lé. Ẹ ronú kàn án kẹ́ ẹ tó ti géètì yín. Ẹni tó ní bọhóòlù, kó ṣí i fún wákàtí díẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń wá pọn, kí wọ́n dá owó epo jẹnẹrétọ̀ jọ, kí ẹrù má wọ ọrùn ẹnì kan. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní omi, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde sí ojú fẹ́ńsì.

Bí táńkà bá dé, ilé ìwòsàn ló ṣáájú: ilé ìwòsàn ìjọba níbí, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, àti àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké. Kò sí bí agbẹ̀bí ṣe lè fọwọ́ tí kò fọ̀ gba ọmọ. Kí ẹ tó ra omi onítáńkà, ẹ bi í níbi tó ti fà á, ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Táńkà tó ti gbé nǹkan mìíràn rí, omi rẹ̀ á sọ.

Kànga wa ti wà láti ayé bàbá wa. Ṣé omi rẹ̀ mọ́?

Láyé bàbá yín, ṣọ́kawéè ò yí i ká. Ó yẹ kí kànga jìnnà sí ṣálángá tàbí ṣọ́kawéè ní mítà 30, ó kéré tán. Nínú agboolé wa, pẹ̀lú bá a ṣe ń kọ́lé mọ́ra lónìí, ẹ rìn ín wò kẹ́ ẹ rí i. Ẹ lò ó fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ, ẹ sè é kẹ́ ẹ tó mu ún. Bákan náà ni kí ẹ ní ìdérí sí i, kí korobá tí ẹ fi ń fa omi rẹ̀ má sì máa sùn sílẹ̀.

Omi ti padà dé! Ṣé a lè máa mu ún?

Ẹ dúró. Ibi tí mo ní kẹ́ ẹ kà rèé.

Nígbà tí omi kún inú páìpù tó sì ń tì, bí páìpù bá tiẹ̀ lu, inú ló ń jáde sí ìta; ìdọ̀tí kò rí àyè wọlé. Ọjọ́ tí páìpù ńlá bẹ́, agbára yẹn lọ. Páìpù tó gbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan mọ́ra láti gbogbo ojú tó lu, ní gbogbo àdúgbò, kódà níbi tó jìnnà sí ibi tó ti bẹ́. Bí ojú kan bá lu lábẹ́ gọ́tà, omi gọ́tà ló máa fà. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́kawéè, ẹ mọ ohun tó máa fà. Gbogbo rẹ̀ á dúró síbẹ̀ de ọjọ́ tí omi máa dé, tí àwa á ké "omi ti dé o!", tí ọmọdé á sì sá lọ gbé ife.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí i, ẹ ti ojú tó ń lọ sínú táǹkì yín. Ẹ ṣí ẹ̀rọ ìta tó sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ó máa kọ́kọ́ pọ afẹ́fẹ́, á wá yọ pupa bí ilẹ̀ wa, nígbà míì á dúdú. Ẹ jẹ́ kó máa lọ sínú korobá títí á fi mọ́, ẹ fi ti inú korobá fọ ilẹ̀. Ìgbà tó bá mọ́ ni kí ẹ ṣí ti táǹkì.

Mímọ́ lójú kì í ṣe mímọ́ fún mímu o. Kòkòrò tó ń fa onígbáméjì, ojú lásán kò lè rí i. Àyẹ̀wò kòkòrò inú omi máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko kí èsì tó jáde, torí wọ́n ní láti dúró kí kòkòrò náà hù. Títí ilé-iṣẹ́ omi yóò fi kéde pé àyẹ̀wò dára, ẹ sè é.

Ṣé ti mímu nìkan la máa sè? Gààrí ńkọ́?

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí ní gààrí. Ìkọ́kọrẹ́ àti ọbẹ̀ kò ní wàhálà, iná á ti pa ohun tó wà ńbẹ̀. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀bà, bó bá ti hó dáadáa kò burú. Gààrí Ìjẹ̀bú tí ẹ da omi tútù sí, tẹ́ ẹ fi ẹ̀pà àti ṣúgà sí, ẹ ò fi hàn iná rárá. Omi ẹ̀rọ lásán lẹ mu yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín, omi fífọ eyín, omi tí ẹ fi po mílíìkì ọmọ ọwọ́, àti omi tí ẹ fi ń yọ ẹnu nígbà àlùwàlá. Gbogbo wọn, omi sísè ni.

Báwo la ṣe máa sè é? Ṣé a lè lo bílíìṣì?

Bí ó bá rú, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ohun tẹ́ ẹ sè é sí, ẹ dé e. Ife tó lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa bù ú, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bọ inú rẹ̀.

Bí gáàsì tàbí èédú bá wọ́n jù, bílíìṣì lè ṣe é, èyí tí kò ní àwọ̀ àti òórùn dídùn. Èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán 2 fún lítà 1 ni; kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó mu ún. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rà níbí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ka ara ìgò. Bí ara ìgò ò bá sọ bí wọ́n ṣe ń fi sí omi mímu, ẹ padà sí omi sísè.

Ẹ̀rọ ìfami wa la fi ń fa omi láti ara páìpù ìjọba, torí kì í lágbára. Ṣé kò burú?

Ó burú gan-an. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ mọ́ páìpù ìjọba tààrà, ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń fa ìdọ̀tí wọlé fún gbogbo òpópónà. Ẹ jẹ́ kí omi wọ táǹkì ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa láti ibẹ̀.

Èyí tún kan páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba inú gọ́tà wọ ilé. Ẹ rìn lọ sí gọ́tà iwájú ilé yín lọ́la, ẹ bojú wo ibẹ̀: ẹ ó rí i tí wọ́n dì wọ́n bí okùn, wọ́n fi rọ́bà táyà wé ojú tó lu, omi dúdú sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rí i. Ọjọ́ tí omi bá dá ni rọ́bà táyà yẹn kò ní lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Owó tó máa gbé páìpù yín gba orí gọ́tà kò tó owó ilé ìwòsàn.

Ọmọ mi ti ń yàgbẹ́ olómi. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn, pàápàá bí ìgbẹ́ náà bá funfun bí omi ìrẹsì, tàbí tí ojú rẹ̀ ti jìn wọlé. Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀: lítà 1 omi tó ti hó tó sì ti tutù, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Bó bá bì í, ẹ sinmi díẹ̀ kẹ́ ẹ tún fún un. Ọmọ tó ń mu ọmú kò gbọ́dọ̀ dẹ́kun mímu ọmú.

Omi ti mọ́, ṣé mo lè fọ léèsì funfun?

Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Ìpẹtà tó ṣì wà nínú páìpù lè kó sára aṣọ funfun, kì í sì í fẹ́ jáde.

Bó bá wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba ńkọ́?

Ọjọ́ kẹta Iléyá, èrò ń bọ̀ láti ibi gbogbo, àlejò kún ilé, ẹran pọ̀ nílẹ̀ láti fọ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí omi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò kún gbogbo táǹkì kó tó di ọjọ́ Iléyá, kí wọ́n sì bá onítáńkà ṣàdéhùn iye kan ṣáájú. Àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́-orí kan náà, ń náwó lórí aṣọ àti ìlù, ó sì yẹ wọ́n. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá fi táǹkì omi kan sí ẹnu àdúgbò kan lọ́dún, ìlú á mọ̀ ọ́n lára.

Kí ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa lè ṣe nísinsìnyí, tí kò tíì sí nǹkan tó bẹ́?

Ẹ bẹ òṣìṣẹ́ omi kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tẹ̀ lé e rìn yí àdúgbò ká. Gbogbo ibi tó bá ti sọ pé fáàfù wà, ẹ fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára ògiri tó kọjú sí i, ẹ wọn iye ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ yà á sórí ìwé. Ẹ kọ orúkọ ilé tó ní kànga, èyí tó ní bọhóòlù, àti èyí tí arúgbó tàbí abirùn tí kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì wà sínú ìwé kan náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ọ́fíìsì omi, ọ̀kan fún Olórítún tó jẹ́ olórí àdúgbò, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà tuntun, kí akọ̀wé gbé tiẹ̀ lọ bá awakọ̀ katapílà kó tó gbé irin sílẹ̀.